Fásitì Tàbí Àdákọ́: Ta Ni Yóò Yẹ Iṣẹ́ Ọmọ Náà Wò?

Òbí tó ń gbé ní Ayépé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì WAEC, kò ní láti wá ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ sí ìlú òkèèrè. Fásitì Babcock wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, TASUED tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin pè wà ní Ìjàgun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, Fásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, Pólì Abraham Adésànyà sì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti ní kódù lòun fẹ́ máa kọ jẹun, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ pé òun ò nílò ìkankan nínú wọn. YouTube ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. freeCodeCamp ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Kódà CS50, ẹ̀kọ́ tí David Malan ń kọ́ àwọn ọmọ Harvard, ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí fóònù láì san ju owó détà lọ. Lójú bàbá, ọmọ fẹ́ sá fún ìwé ni. Lójú ọmọ, bàbá fẹ́ fi ọdún mẹ́rin òun ṣòfò.

Ó yẹ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Kódù ni àṣẹ tí ènìyàn kọ fún kọ̀ǹpútà ní ẹsẹẹsẹ, ní èdè tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Nígbà tí oní-POS bá ki káàdì rẹ bọ ẹ̀rọ tó sì tẹ iye owó, kódù ló ń béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá owó wà níbẹ̀, òun ló ń yọ ọ́, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbedeméjì, kí owó má baà kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà láì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà. Ibi tó gbẹ̀yìn yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Láti kọ kódù tí yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ geere, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó. Èyí tí kò ní da owó olówó rú nígbà tí nǹkan bá dàrú ló ń gba ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í fojú ara rẹ̀ rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, torí bí kódù rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ti gbà pé ó parí nìyẹn. Ẹni tí irú àṣìṣe náà ti kó sí wàhálà rí ló lè fi hàn án. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìjà bàbá àti ọmọ ti gba ibi tí kò yẹ lọ. Ibi tí ìmọ̀ wà ni wọ́n ń bára wọn fà, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ti wà káàkiri. Ẹni tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò ka iṣẹ́ ọmọ náà, tí yóò ní kò dára, tí yóò sọ ìdí rẹ̀, tí yóò sì dúró títí tí yóò fi tún un ṣe. Ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ni kí ọmọ gbà. Nínú ohun tí mo rí, fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ayépé, ọ̀nà náà ṣì gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí àwọn òbí ń rò.

Ẹjọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀lẹ, kí a má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fásitì Nàìjíríà, gbé kalẹ̀ ní 2007 ni ọ̀pọ̀ fásitì fi kọ́ni títí tí èyí tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS fi jáde ní oṣù Kejìlá 2022. Ní 2007, fóònù Android kankan kò tíì dé ọjà; 2008 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde. Ìyẹn ni pé ọmọ tó wọ fásitì ní 2018 ń kàwé lábẹ́ ìlànà tí wọ́n kọ kí irú fóònù tó wà lápò rẹ̀ tó délé ayé. Ìlànà tuntun fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí fásitì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá rí pé ó yẹ kún un. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ olùkọ́ tí kò tíì kọ́ ohun tuntun náà fúnra rẹ̀ kò lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ìyanṣẹ́lódì. Ní 2013, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Keje títí di oṣù Kejìlá. Ní 2020, oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ àfi ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá. Ẹ ro ti 2020 àti 2022 pọ̀: ọmọ tó wọ fásitì ìjọba ní 2019 láti ka ọdún mẹ́rin ti jókòó sílé fún ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní láptọ́ọ̀pù àti détà ń kọ́ṣẹ́ lọ, kò dúró de ASUU, kò dúró de ìjọba.

Ṣé ó sì ń kọ́ ọ parí? Ní 2019, Justin Reich àti José Ruipérez-Valiente, ọ̀mọ̀wé méjì ní MIT, kọ àbájáde ìwádìí wọn sínú ìwé ìròyìn Science lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì MIT àti Harvard wò. Nínú ọgọ́rùn-ún tó forúkọ sílẹ̀ ní 2017 sí 2018, mẹ́ta àti díẹ̀ ló parí. A lè jiyàn pé ìṣirò yìí kò ṣe déédéé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn yọjú wò ó ni, kò sí lọ́kàn wọn láti parí. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá yọ àwọn olùyọjú kúrò, kó ku àwọn tó sanwó kí wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí: lọ́dún kan náà, mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló parí. Fídíò kan náà ni wọ́n wò, olùkọ́ kan náà ló kọ́ wọn. Ohun tó so àwọn wọ̀nyí mọ́ ẹ̀kọ́ ni owó tí wọ́n ti san àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń wá. Síbẹ̀ wọn kò tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé níbi tí iná kì í ti í lọ. Tí a bá gbé e wá sí Ayépé, a ó fi owó epo jẹnẹrétọ̀ tàbí ti sólà kún un, a ó fi détà kún un, èyí tí àjọ NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ìdajì lé lórí owó rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025. A ó tún fi ìyá kún un, tó ń wo ọmọ tó jókòó ti fóònù látàárọ̀ tí kò sì mọ èwo nínú ọjọ́ ló ń kọ́ṣẹ́ àti èwo ló ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọ fásitì ní orúkọ tó ń jẹ́ níwájú ẹbí: akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tó ń dá kọ́ ọ kò ní orúkọ kankan, tí wọ́n bá sì nílò ẹni tí yóò lọ gba epo tàbí tọ́jú ilé ìtajà, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ọmọ máa ń yára tọ́ka sí ni Andela, ó sì tó ohun tí a ń dúró lé lórí díẹ̀. Ní 2014 ni Ìyìnolúwa Abóyèjí, Jeremy Johnson, Christina Sass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá a sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà náà, wọn kò béèrè dígírì. Ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣa ènìyàn, wọ́n sì ń ṣa á débi pé nínú ọgọ́rùn-ún tó bá kọ̀wé, wọn kì í gbà tó ẹnìkan. Ẹni tó bá wọlé ń gba owó oṣù bó ti ń kọ́ṣẹ́, tó bá yá wọn á fà á lé ilé iṣẹ́ òkèèrè lọ́wọ́, yóò sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ láti Èkó. Ní oṣù Kẹfà 2016, àjọ Mark Zuckerberg ti Facebook àti ìyàwó rẹ̀ ṣáájú àwọn tó kó mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún dọ́là lé Andela lọ́wọ́. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún náà, Zuckerberg fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ní Yábàá. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé ẹ ò rí i, dígírì kò pọn dandan. Ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ọn ni pé àdéhùn ọdún mẹ́rin ni ẹni tó bá wọ Andela nígbà náà ń fọwọ́ sí. Iye ọdún tí fásitì ń gbà náà nìyẹn. Wọn kò sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú fídíò: àárín ẹlẹgbẹ́ ló wà, àgbà tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí ń ka kódù rẹ̀, oníbàárà sì ń da iṣẹ́ padà bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá fi Andela ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn lè dá kọ́ kódù kò wo inú rẹ̀ dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ nígbà náà, tí wọ́n kàn ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2019, ilé iṣẹ́ náà dá nǹkan bí 250 òṣìṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà àti Uganda, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè nínú iṣẹ́ sì ni wọ́n. Àlàyé wọn ni pé àwọn àgbà oníkódù ni oníbàárà ń béèrè, àwọn ọmọ tuntun ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà lọ. Kí ọmọ tó ń fi oṣù mẹ́fà orí YouTube yangàn ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí wọ́n ṣà bí ẹni ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n sì sanwó kọ́, ni ọjà kò gbà tán.

Ní ti àwọn tó ti di oníkódù tán, wọn kì í fi ọ̀nà kan ṣoṣo débẹ̀. Ní 2016, Stack Overflow, ìkànnì tí àwọn oníkódù ayé ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Mọ́kàndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn dá a kọ́, yálà lódindi tàbí lápá kan. Àwọn tó dá a kọ́ lódindi, láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, jẹ́ mẹ́tàlá péré. Nígbà tí wọ́n tún béèrè ní 2020, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ló ní ó kéré tán dígírì àkọ́kọ́. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń dá kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ṣọlá Akínládé àti Ezra Olúbi, tí wọ́n dá Paystack sílẹ̀ ní 2015, Babcock ní Ìlíṣàn yìí ni wọ́n ti ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ ara wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2020, ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack ní owó tí àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó ju igba mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kò sí kíláàsì tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba owó oníbàárà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ohun tí fásitì ṣe ni pé ó kó àwọn ọmọ tí orí wọn fẹ́ràn nǹkan kan náà sójú kan fún ọdún mélòó kan, tí olúkúlùkù fi mọ ẹni tí ó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ tó dá wà nínú yàrá ní Ayépé lè mọ kódù jù wọ́n lọ, kó má sì mọ ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan yóò ní Abóyèjí fúnra rẹ̀ kò ka kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ òfin ló kà ní Waterloo ní Kánádà. Bọ̀sún Tìjání, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa, tó wà lára àwọn tó dá ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ CcHub sílẹ̀ ní Yábàá kó tó di mínísítà, ètò ọrọ̀ ajé ló kà ní Jọs. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n fásitì náà ni wọ́n lọ, iṣẹ́ tó sì sọ wọ́n di olókìkí ni kíkó ènìyàn àti owó jọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ni mo mọ̀ pé àwọn òbí ń dúró dè. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò béèrè dígírì mọ́, ọ̀pọ̀ sì ti kéde bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí láti Harvard àti Burning Glass Institute wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àwọn ìkéde náà l'Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2024, wọ́n rí i pé nínú ẹgbẹ̀rin ó dín ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n gbà síṣẹ́, kò tó ẹnìkan tí ìyípadà náà ṣí ilẹ̀kùn fún. Ẹnu ló ń yára, ọwọ́ kò yára. Fún ọmọ Nàìjíríà, nǹkan tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òfin orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Físà H-1B tí Amẹ́ríkà fi ń gba oníkódù wọlé ń béèrè dígírì tàbí ohun tó bá a dọ́gba, wọ́n sì máa ń ka ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ sí ọdún kan nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò lọ rárá yóò nílò ọdún méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ kó tó bá ẹni tó lo ọdún mẹ́rin dọ́gba. Kánádà pẹ̀lú ń fún oníwèé ní máàkì kún máàkì. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní físà Global Talent tí kò béèrè dígírì, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn sáyé ni wọ́n ṣe é fún. Nílé níbí náà, ẹni tó ní HND, ìwé ẹ̀rí àwọn pólì, mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ìjọba. Kí ni ká wá ti sọ nípa ẹni tí kò ní ìkankan?

Owó ńkọ́? Owó Babcock kì í ṣe ti gbogbo ilé, èyí kò sì nílò àríyànjiyàn. Àwọn ti ìjọba rọjú jù ú lọ, àti láti 2024 ni àjọ NELFUND ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìsí èlé, èyí tí wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dá padà àfi ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. Síbẹ̀ àwọn ilé kan wà tí kò lè ṣe é, àwọn ọmọ kan sì wà tí JAMB kò fún láàyè lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò ní kí àwọn wọ̀nyí káwọ́ gbera. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n má dá wà. Ìjẹ̀bú mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ kí fásitì tó dé: ọmọ tó ń kọ́ télọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ọ̀gá kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á wo ọrùn aṣọ tó wọ́, á ní kó tú u kó tún un rán. Oníkódù ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ tí kò béèrè kọ́bọ̀, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn oníkódù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ wà tí ẹni tó ni ín ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọmọ tó bá rí àléébù nínú ọ̀kan lè tún un ṣe, kó fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà á ka kódù rẹ̀ ní ìlà-ìlà, wọ́n sì lè dá a padà nígbà mẹ́rin kí wọ́n tó gbà á. Google Summer of Code, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, láti 2022 ni kò sì ti jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan mọ́. Outreachy náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò béèrè dígírì. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 3MTT tí Tìjání gbé kalẹ̀ ní 2023 wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá torí pé ó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní ìpínlẹ̀ wọn. Ọmọ tí mo lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀ ni èyí tó lè ṣí fóònù, kó fi iṣẹ́ tí àlejò kà, tí ó bá a wí lé lórí, tí ó sì gbà níkẹyìn, hàn án.

Látìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá 2022 ni ìbéèrè mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ yìí: bí AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá, bá ti ń kọ kódù, kí ni à ń kọ́ ọ fún? Bí a bá fi ojú ohun tí a ti ń bọ̀ wò ó, AI ti mú kí kódù pọ̀ sí i, kò dín ẹni tó yẹ kó kà á kù. Ó ń kọ ohun tó dára kíákíá, ó sì ń fi ìdánilójú kan náà kọ ohun tí kò dára. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń to ìsọfúnni jọ, tí kò mọ bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣi ara wọn gbọ́, kò ní mọ èwo ni èwo. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ló máa ń sú ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ìṣirò, algorithm, dátábéèsì, àwọn tí ẹni tó ń dá kọ́ ọ máa ń fò kọjá torí wọn kò mú owó wá lóṣù yìí. Àbùkù tí a rí lára ìlànà 2007 kò kàn wọ́n púpọ̀, nítorí ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ kí Android tó dé ṣì jẹ́ òótọ́ lónìí.

Ibì kan wà nínú ètò ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, tí ọ̀pọ̀ sì ń jẹ́ kó bọ́. SIWES ni, ètò tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí iṣẹ́ gidi kó tó jáde. Ti fásitì sábà máa ń tó oṣù mẹ́fà; ọmọ pólì ń ṣe oṣù mẹ́rin nígbà ND, ó sì tún ń lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kó tó wọ HND. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ló ń lo àkókò yìí ní ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí ilé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí lọ́gìbúùkù nígbà tó bá parí. Oṣù mẹ́fà tí àgbà oníkódù ìbá fi ka iṣẹ́ ọmọ náà lójoojúmọ́ ti lọ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ kódù pọ̀ ní Èkó, wọ́n kéré ní Ìjẹ̀bú, nítorí náà ìṣòro tó ń dá ọmọ dúró nílé sábà máa ń jẹ́ ibi tí yóò sùn. Kí ọmọ kọ̀wé síbẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kó fi ohun tó ti kọ́ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, kó má sì kọ ibi tí wọn ò ní sanwó bí ẹni tí yóò ka kódù rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀. Ní ti bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ní yàrá kan ní Yábàá, Ṣómólú tàbí Ìkòròdú ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá sọ̀rọ̀ láti ọdún kejì.